Àjàní, ṣé o ń sùn?

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ Ajé, lálẹ́

Àjàní ọmọ mi,

Ràṣídì tó ń kó máńgòrò lọ sí Èkó ló mú lẹ́tà yìí lọ́wọ́. Má bá a jà. Kò wá ṣòfófó, èmi ni mo fi ìbéèrè há a mọ́ ògiri. Ó ní òun rí ọ ní géètì ilé-iṣẹ́ kan ní Sàngó Ọ̀tà, pé o rí òun náà, o sì gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí wọn ò bí ládùúgbò yìí. Ó ní "Dírẹ́bà" ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀, torí o sọ fún wọn pé tírélà lo fi ọdún 11 wà.

Ọdún 11! Gbogbo ohun tí ojú rẹ rí lẹ́nu iṣẹ́ sójà láti Zaria dé Maiduguri, o sọ ọ́ di tírélà.

Inú bí mi. Mo pariwo débi pé ìyá rẹ sá wá láti ìdí ààrò, ó rò pé ewúrẹ́ tún ti wọ inú ẹ̀gẹ́. (Ewúrẹ́ náà bí ìbejì. Àbúrò rẹ ti rí iṣẹ́ tíṣà, wọn ò tíì san kọ́bọ̀ fún un. Kànga ti gbẹ.) Ṣùgbọ́n tírélà kọ́ ló mú kí n kọ̀wé. Bísí ìyàwó rẹ ni. Ó pe ìyá rẹ lóru ọjọ́ Ẹtì, ó ní tí o bá wálé lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀yìn rẹ kì í kan bẹ́ẹ̀dì. Ó ní nígbàkigbà tí òun bá lajú lóru, orí àga tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ni òun ń bá ọ, o kọjú sí ìta, títí ilẹ̀ fi máa ń mọ́.

Àjàní, ṣé o ń sùn?

Owó kọ́ ni mò ń wá. Bí o bá rán an, a ó ná an. Bí o ò bá rán an, a ti ń jẹun kí o tó gba owó oṣù àkọ́kọ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi pè ọ́ tí o ò gbé fóònù. Ìyá rẹ pè, o gbé e, o ní "nẹ́tíwọ́ọ̀kì". Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó mọ ìyá yàtọ̀ sí bàbá!

Oṣù 6 gbáko lo lò ní Oṣòdì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ sójà tó fẹ́ bọ́ṣọ ogun sílẹ̀ níṣẹ́ ọwọ́. Adìyẹ lèmi kọ́ níbẹ̀ ní 2004, àrùn sì gbá gbogbo ẹ̀ lọ kí ọdún tó yí po. Ìwọ kọ́ wẹ́dà. Ìyá rẹ gbé àwòrán ìwé ẹ̀rí rẹ káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Wẹ́dà tó níwèé lọ́wọ́ ló wá ń ṣí géètì fún mọ́tò onímọ́tò? Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ bú ọ lé lórí nìyẹn. Bísí wá sọ èyí tó kù fún ìyá rẹ. Ó ní ilé-iṣẹ́ mẹ́ta lo gbé ìwé náà dé. Ti àkọ́kọ́ ní àwọn á pè ọ́. Èkejì ní òótọ́ ni pé àwọn ń wá wẹ́dà, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí o ti ṣe sójà rí, ṣé o ò kúkú ní bá àwọn dúró sí géètì? Ẹ̀kẹta wo ìwé, ó wo ojú rẹ, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé orí yín pé?" Ẹ̀yìn ìyẹn lo di onítírélà.

Dákun, fún bíbú tí mo bú ọ nínú ọkàn mi.

Mo mọ ìbéèrè yẹn. Nígbà tí èmi bọ́ṣọ, oṣù mẹ́rin ni mo fi wá ilé ní Ìbàdàn. Ajẹ́ńtì á ní yàrá wà, tó bá gbọ́ iṣẹ́ tí mo ṣe, yàrá á di èyí tí ẹlòmíì ti sanwó fún. Onílé kan tiẹ̀ là á fún mi pé òun kì í fún sójà, ọlọ́pàá àti lọ́yà nílé. Mo bá wálé. Wọ́n se ìrẹsì, wọ́n pa àgbò, wọ́n ní káàbọ̀, akọni. Kò pé oṣù kan, tí mo bá ti dé ìdí ayò, oníkálukú á rántí pé òun níṣẹ́ tí òun ń ṣe. Àwọn ọmọdé a máa bi mí pé èèyàn mélòó ni mo pa ní Làìbéríà. Àgbàlagbà kan náà bi mí, níbi ìkómọ, ó mú itan adìyẹ lọ́wọ́.

Bàbá mi àgbà tó lọ sógun Bọ́mà rí tirẹ̀. Ìjọba òyìnbó ṣòfin ní 1945 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ gba àwọn tó togun dé. Òfin náà ò mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Kóòtù sójà ni bàbá fi ń dáko títí ó fi gbó mọ́ ọn lọ́rùn. Ní Jánúárì 15 tó kọjá, ọjọ́ ìrántí àwọn sójà, èmi náà fi àmì ẹ̀yẹ mi sáyà, mo lọ sí pápá. Wọ́n fun fèrè, wọ́n gbé òdòdó kalẹ̀, wọ́n tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ẹyẹlé fò lọ, alága kánsù wọ mọ́tò rẹ̀, àwa tí wọ́n tìtorí wa pé jọ fẹsẹ̀ rìn délé.

Ó yá, ohun tí mi ò sọ fún ọ rí ló kù yìí.

Ní 1984, nígbà WAI, ogun tí ìjọba ológun gbé ti ìwà àìlétò, ọmọ ọdún 22 ni mí, kòbókò wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ká kọ́ ará ìlú bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà. Ní ibùdókọ̀ kan ní Ìbàdàn, bàbá kan gba iwájú àwọn tó kù, mo ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó ní tíṣà ni òun, pé ọmọ òun wà ní ọsibítù. Mo ní kó máa fò. Ó fò. Àwọn ọmọléèwé ń wò ó. Mo rẹ́rìn-ín, Àjàní. Ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí onílé yẹn lé mi lẹ́nu ọ̀nà, ojú tíṣà yẹn ni mo rí lójú rẹ̀. Mi ò ní òun ni o. Ojú rẹ̀ ni mo sọ pé mo rí.

Ìwọ ò na ẹnì kankan ní ibùdókọ̀. Gbèsè tí àwa jẹ ni wọ́n ń sìn lọ́wọ́ rẹ.

Ṣé o ń sùn? Mo mọ̀ pé mo ti béèrè.

Alhájì kan tó ní ilé búrẹ́dì gbà mí sí géètì ní 2006. Kò bi mí bóyá orí mi pé. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀. Láàárọ̀, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú iná jáde ló máa ń já fún mi, òun àti èmi á jọ jẹ ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Nítorí náà, má gbà fún àwọn tó ń sọ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ wa. Mo rí ẹni tó fẹ́ mi. Èmi ni mo ba ibẹ̀ jẹ́.

Lóru ọjọ́ kan, ọmọ iṣẹ́ kan ju páànù sílẹ̀ lẹ́yìn mi. O mọ ìró yẹn. Kí n tó mọ ibi tí mo wà, mo ti wà lójú ogun ní Monrovia ní Làìbéríà, ní Oṣù Kẹwàá 1992, ọrùn ọmọ náà sì ti wà lọ́wọ́ mi. Eyín rẹ̀ méjì ló ká. Ọmọ ọdún 15 ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò ti fojú kan oorun ṣáájú òru yẹn, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ rò pé iṣẹ́ òru ló sọ mí di bẹ́ẹ̀.

Alhájì ò pe ọlọ́pàá. Ó tọ́jú ọmọ náà, ó san owó oṣù mi pé, ó ní kí n máa lọ. Ẹ̀yìn oṣù bíi méjì, Kọ́póràlì tó gbé mi pọ̀n kúrò lábẹ́ ìbọn ní Monrovia bọ́ṣọ, ó wá síbí wá iṣẹ́. Ojú ń tì mí láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo kàn júwe ilé búrẹ́dì fún un. Alhájì ní òun kì í gba sójà mọ́. Kọ́póràlì padà wá bá mi, ó ní, "Sájẹ́ńtì, kí la ṣe fún bàbá yẹn?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó sùn mọ́jú ní pálọ̀ wa, ó padà sílùú rẹ̀. Mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Mo ti kọ lẹ́tà kan kí n tó kọ èyí. Nínú ìyẹn, mo ní kí o lọ bá ọ̀gá rẹ, kí o là á mọ́lẹ̀ pé sójà ni ọ́. Mo ya á. Ẹnu èmi kọ́ ni irú ìyẹn ti dùn gbọ́. Tí tírélà bá ń fún ọ lóúnjẹ, máa wà á lọ ní tìrẹ. Ṣùgbọ́n Bísí kì í ṣe ọ̀gá rẹ. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo bọ́ṣọ, àná ni mo sọ ọ̀rọ̀ páànù fún ìyá rẹ. Kò sọ nǹkan kan. Ó dìde, ó lọ gbé gbogbo páànù tó wà lórí pẹpẹ wá sílẹ̀.

Àrò, ọsibítù tó wà ní Abẹ́òkúta, ò sì jìnnà sí ọ̀dọ̀ rẹ. Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ, pé ilé wèrè ni. Ohun tí èmi náà sọ nìyẹn nígbà tí dókítà kan dárúkọ rẹ̀ fún mi. Ibẹ̀ ni Dókítà Lambo ti fi àwọn aláìsàn wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé láti nǹkan bí 1954, tí wọ́n jọ ń gbé, tí wọ́n jọ ń jẹ, tí ara wọn sì ń yá. Tí o bá fẹ́ lọ, màá bá ọ lọ. A lè ní èmi ni aláìsàn.

Má wulẹ̀ kọ èsì. Ràṣídì á tún gba Ọ̀tà kọjá lọ́jọ́bọ̀. Tí o bá ń sùn, sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni. Tí o ò bá sùn, sọ pé rárá, kò ní bi ọ́ ní nǹkan míì, mo ti kìlọ̀ fún un. Mọ́tò àkọ́kọ́ tó bá jáde ní gáréèjì ni màá wọ̀. Ẹ bá mi gbé àga kejì sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.

Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé ti Bísí àtàwọn ọmọ ni máńgòrò inú àpò dúdú. Ó ní tìrẹ wà nílé, kí o wá mú un.