Lẹ́tà sí Adéwálé: ọ̀sẹ̀ kan lórí ọkọ̀ onígbòkun

Southampton,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án.

Adéwálé ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ìbejì. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, inú mi sì dùn gidigidi pé o gbà kí àwa mẹ́rin, ìwọ àti ìyàwó rẹ, èmi àti ìyàwó mi, lọ yá ọkọ̀ onígbòkun fún ọ̀sẹ̀ kan ní àwọn Erékùṣù Virgin ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní òkun Caribbean, kí a má gba atukọ̀ kankan, kí ó jẹ́ pé ọwọ́ ara wa ni a ó fi ta ìgbòkun tí a ó sì fi ju ìdákọ̀ró. Ohun kan ṣoṣo ni n kò lè fara mọ́ nínú lẹ́tà náà, òun ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ mẹ́nu bà: oṣù Kẹwàá tí o dá.

Mo mọ̀ pé ìgbà náà ni ibi iṣẹ́ rẹ ń fún ọ ní ìsinmi, mo sì mọ̀ pé owó ọkọ̀ máa ń wálẹ̀ gan-an nígbà náà. Ṣùgbọ́n kí a wo ohun tó ń mú un wálẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà títí di òpin oṣù Kọkànlá ni àkókò ìjì ńlá ní agbègbè òkun yẹn. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ìjì Irma gba orí erékùṣù wọ̀nyí kọjá, ó sì kó àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi pamọ́ sí Paraquita Bay, níbi tí wọ́n rò pé ó láàbò jù lọ, jọ lé ara wọn lórí bí ẹni to igi ìdáná.

Ìtàn tó tilẹ̀ ń ká mi lára jù ni ti ọkọ̀ RMS Rhone, nítorí pé Southampton tí mo ń gbé yìí ni ibùdó ilé iṣẹ́ tó ni ín. Ní ọdún 1867, nígbà tí oṣù Kẹwàá ń parí lọ, ọ̀gákọ̀ rẹ̀, Robert Wooley, gbà pé àkókò ìjì ti kọjá. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, ìjì gbá ọkọ̀ náà mọ́ òkúta létí Salt Island. Omi òkun ya lu ẹ̀rọ rẹ̀ tó gbóná janjan, ẹ̀rọ náà bú gbàmù, ọkọ̀ sì gé sí méjì. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó fi iṣẹ́ òkun jẹun ni Wooley, oṣù Kẹwàá sì tàn án jẹ. Jọ̀wọ́, má ṣe jẹ́ kí a fi ẹ̀mí àwọn ìyàwó wa dá irú àṣà bẹ́ẹ̀.

Oṣù Karùn-ún ni mo ń bẹ̀ ọ́ pé kí a lò. Ẹ̀fúùfù líle tó máa ń fẹ́ ní àsìkò Kérésìmesì yóò ti rọlẹ̀, àkókò ìjì kò sì tíì dé. Owó ọkọ̀ pàápàá yóò ti dín sí ti oṣù Kejì àti Ìkẹta tí èrò máa ń pọ̀ jù.

Ní ti irú ọkọ̀ tí a ó yá, mo fẹ́ kàtàmaràn, ìyẹn èyí tí ìdí rẹ̀ pín sí méjì. Òótọ́ ni o sọ pé ọkọ̀ onídìí kan mọ ẹ̀fúùfù-ún kọjú sí jù ú lọ, ṣùgbọ́n kàtàmaràn kì í fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, òòyì òkun sì ti ń kọ́ ìyàwó rẹ lóminú. Ìdí rẹ̀ kò tún wọ inú omi jìnnà, èyí yóò sì wúlò fún wa níwájú.

Àwọn tí a fẹ́ yá ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn kò béèrè ìwé àṣẹ kan pàtó. Wọ́n ní kí a kọ ìrírí wa lórí omi sílẹ̀ ní kíkún, irú ọkọ̀ tí a ti tù, gígùn rẹ̀ àti ibi tí a gbé e dé. Jọ̀wọ́ kọ tìrẹ láìfi ohunkóhun kún un. Bí wọ́n bá ní kí atukọ̀ wọn bá wa rìn fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí a gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, orúkọ ẹnì kan ni yóò wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gákọ̀. Láti ìgbà tí a ti ń wọ ọkọ̀ lórí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ ni a ti mọ̀ pé ọ̀gá méjì kì í wà nínú ọkọ̀ kan. Mo ṣe tán láti fi ipò náà sílẹ̀ fún ọ bí o bá fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kí a ti yanjú rẹ̀ kí a tó kúrò nílé.

Bí mo ṣe ro ìrìn náà rèé. Ọ̀sán ni a ó gba ọkọ̀ ní Road Town, ní Tortola, erékùṣù tó tóbi jù nínú wọn, nítorí náà ọjọ́ àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ jù kí a la ojú omi kọjá sí Norman Island lọ, kí a sùn síbẹ̀. Ẹ̀fúùfù ibẹ̀ ń ti ìlà-oòrùn wá ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, apá ibẹ̀ gan-an sì ni erékùṣù Virgin Gorda tí a ń lọ wà. Ìgbòkun kò lè gbé ọkọ̀ dojú kọ ẹ̀fúùfù tààrà. Kọ́lọkọ̀lọ ni a ó máa rìn, bíi ti onímọ́tò tó ń gun òkè. Ìdí nìyẹn tí mo fi pín in sí ọjọ́ méjì, kí a lè sùn ní Cooper Island láàrin, kí a sì yà ní Salt Island lójú ọ̀nà, kí a fi awò ojú wo ara ọkọ̀ Rhone nísàlẹ̀ omi.

Ní Virgin Gorda, àárọ̀ kùtù ni a gbọdọ̀ dé The Baths, níbi tí àwọn àpáta ràgàjì-ràgàjì ti dúró sínú òkun, nítorí àwọn bọ́ọ̀lù tó léfòó tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ kì í pẹ́ kún, a kò sì gbọdọ̀ sùn mọ́ wọn. North Sound, omi tó fara sin ní àríwá erékùṣù náà, ni a ó ti sùn. Níbikíbi tí a kò bá ti rí bọ́ọ̀lù, orí iyanrìn nìkan ni kí a ju ìdákọ̀ró sí, kí a tú ṣéènì tó ìlọ́po márùn-ún jíjìn omi, ó kéré tán. Orí iyùn tó ń hù nísàlẹ̀ òkun bí òkúta kọ́ o. Ohun alààyè ni iyùn. Ìdákọ̀ró kan ṣoṣo lè fọ́ èyí tó ti ń dàgbà kí a tó bí wa.

Anegada ni ọkàn mi fà sí jù lọ. Àwọn erékùṣù yòókù jẹ́ òkè, a ó máa rí ọ̀kan láti ara èkejì. Anegada nìkan ni ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, tó fi jẹ́ pé orí igi ni ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rí kí ilẹ̀ tó yọ. Iyùn tó yí i ká ti fọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ láyé àtijọ́. Bí ojú ọjọ́ bá dára, tí àwọn tó ni ọkọ̀ sì fọwọ́ sí i, kí a gbéra ní North Sound láàárọ̀, kí a lè débẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wà lókè tó ń fi àwọ̀ omi hàn, kí a lè mọ ibi tí iyùn wà. Ìwọ ni mo fẹ́ kó wa ọkọ̀ wọlé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti kọ́ṣẹ́, bí a bá ń ti òkun bọ̀ wá sí èbúté, òsì ni àmì pupa tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà ń wà. Lọ́hùn-ún, ọ̀tún ni, bó ṣe rí ní Amẹ́ríkà níbi tí o ń gbé yẹn. Ojú rẹ ti mọ́ ọn, n kò sì fẹ́ kí ìgbà tí iyùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa jẹ́ ìgbà tí èmi yóò máa rántí pé nǹkan ti yí padà. Bí ẹ̀fúùfù bá le, a ó dúró sí North Sound fún ọjọ́ kan sí i, inú kò sì gbọdọ̀ bí ẹnikẹ́ni.

Láti ibẹ̀, ẹ̀fúùfù yóò wà lẹ́yìn wa títí dé erékùṣù Jost Van Dyke, kí a tó padà sí Road Town. Kí a rí i pé ọkọ̀ dúró lójoojúmọ́ kí oòrùn tó wọ̀, nítorí wọn kì í gbà kí ayálò wa ọkọ̀ lóru.

Ní ti owó, ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ó ju èje lọ: owó ọkọ̀ yàtọ̀ sí ti epo, ti bọ́ọ̀lù, ti àṣẹ ìjọba, àti èyí tí a ó fi dúró bí ọkọ̀ bá fara pa. Dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná níbẹ̀, nítorí náà kò ní nira fún ọ. Ìyàwó mi ní òun yóò gbé gàrí dání, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí oúnjẹ tí a lè jẹ láìdáná ni nígbà tí ìgbì bá ń ru.

Wọn yóò bá wa di ọkọ̀ náà mú títí di òpin oṣù yìí. Bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ lórí oṣù Karùn-ún, kí o sì kọ̀wé sí mi kí ọjọ́ náà tó pé, kí n lè san owó àkọ́san.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Olúṣẹ́gun