Ìkéde fún Àgbẹ̀ àti Ọdẹ Ẹgbẹ́ Wa ní Kuje: Iná Ìbẹ̀rẹ̀ Ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ̀yin èèyàn wa, òjò ti ń lọ, ọyẹ́ ò sì ní pẹ́ dé. Ní Sátidé yìí, aago 6:30 òwúrọ̀, a ó dáná sun koríko etí igbó wa. Ẹ má sọ pé ó ti yá jù. Bí koríko ò bá tíì gbẹ tán, iná kì í ga. Ńṣe ló ń ràpálá nílẹ̀, tó ń fo ibi tó tutù sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀yà àti àparò ń sá sí. Tí ewé tuntun bá rú, ẹtu á wá jẹ. Bí wọ́n ti ń ṣe é nígbó ìpamọ́ ẹranko Kainji náà nìyẹn. Iná oṣù Fẹ́búárì ló burú: ó ń jó òdòdó emi àti ti igi irú dànù. Ẹni tó tanná torí òkété lọ́dún tó kọjá mọ ara rẹ̀; abà iṣu mi ló jó.

Ọjọ́ Ẹtì la ó ro ààlà tí iná ò ní kọjá, títí ilẹ̀ pupa á fi hàn. Níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ la ó ti tanná, kí iná lè máa dojú kọ ọ́. Bí atẹ́gùn bá le, a ó sún ọjọ́ náà síwájú.

A ti sọ fún baálẹ̀ àwọn Gbagyi àtàwọn Fúlàní darandaran.

Ẹ mú ọkọ́, ewé tútù àti kẹ́ẹ̀gì omi wá. Ẹ má wọ sílípáàsì o.

Akọ̀wé