Ẹ yẹ páwà páàkì wò kẹ́ ẹ tó ní káàdì ti kú

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síbi tí àwọn ẹnjiníà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe á ti rí i, torí ọ̀rọ̀ yìí ń dun àwa tá a ń gé fídíò ìnáwó jẹun gan-an ni.

Skíríìnì kọ̀ǹpútà á kàn ṣú lójijì, á tún padà mọ́, ọ̀rọ̀ á yọ pé dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè bá káàdì sọ̀rọ̀) ò dáhùn mọ́ àmọ́ ó ti bọ̀ sípò, téèyàn bá wá gbé e lọ bá ẹnjiníà, kó tó tiẹ̀ tú u wò á ti ní gráfíìkì káàdì, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán sójú skíríìnì, ti kú, kéèyàn lọ ra òmíràn. Káàdì tówó ẹ̀ nìkan lè ju ti gbogbo ara kọ̀ǹpútà tó kù lọ!

Ẹ gbọ́ o, Windows fúnra ẹ̀ ló ń ṣe rísẹ́ẹ̀tì yẹn, ìyẹn ṣíṣú tí skíríìnì ń ṣú tó tún ń padà mọ́. Tó bá rán káàdì níṣẹ́ tí káàdì ò fèsì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, á dá a dúró, á tún gbé e dìde kí gbogbo ẹ̀rọ má bàa há. Ohun tí ò jẹ́ kó fèsì la gbọ́dọ̀ wá, ó lè jẹ́ dráífà, ó lè jẹ́ ooru, ó sì lè jẹ́ iná tí ò tó látara páwà páàkì, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ara kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣí Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, ẹ wo apá System. Tẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà 4101, dráífà ló ṣubú tí wọ́n gbé dìde. Tó bá jẹ́ 41 ni, pẹ̀lú Kernel-Power lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ ló kú láìjẹ́ pé ẹnì kan pa á, tí kì í bá sì í ṣe NEPA ló mú iná lọ, páwà páàkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, àgàgà tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá ń rẹ́ńdà fídíò (tí kọ̀ǹpútà ń to èyí tẹ́ ẹ gé pọ̀ di odindi) ló máa ń ṣe é. Àwọn páwà páàkì kan wà lọ́jà tí wọ́n kọ 500 watts sí lára, tẹ́ ẹ bá gbé e lọ́wọ́ ó fúyẹ́ bíi páálí. Bẹ́ẹ̀ wáyà onípíìnì 8 kan ṣoṣo tó ń gbé iná láti páwà páàkì lọ sára káàdì, 150 watts ló yẹ kó gbé, yàtọ̀ sí 75 tí káàdì ń gbà lára mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí káàdì jókòó lé nínú kọ̀ǹpútà. Káàdì tó bá ní ojú méjì, wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ kì bọ̀ ọ́, ẹ má fi ẹyọ kan tó la ẹnu méjì ṣe é.

Tó bá jẹ́ ooru ni, ẹ fi bulówà fẹ́ eruku ara ẹ̀ dànù, ẹ di fáànù mú kó má yí bẹ́ ẹ ṣe ń fẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ dráífà ni, ẹ wọ Safe Mode (kí Windows ṣí pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tó nílò nìkan), ẹ fi DDU, ìyẹn Display Driver Uninstaller tí wọ́n fi ń yọ dráífà, yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò pátápátá kẹ́ ẹ tó fi tuntun sí i.

Ẹ̀yin ẹnjiníà wa, ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ yín, kẹ́ ẹ tó kọ́ńdẹ́ẹ̀mù káàdì oníbàárà, ẹ gbé e sínú kọ̀ǹpútà míì tí páwà páàkì ẹ̀ dáa, kí oníbàárà dúró níbẹ̀, kó fojú ara ẹ̀ rí i pé ó ṣì ń kú.

Agé-fídíò kan,
Ìbàdàn.