Sí Gíwá Yunifásítì Èkó àti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó: Ẹ Jẹ́ Kí Apẹja Gbọ́ Ohun Tí Ẹ Mọ̀ Nípa Ọ̀sà

Ẹ̀yin àgbà wa,

A kí yín láti London. Èkó ni àwa tí a ń kọ lẹ́tà yìí ti wá, ọ̀sà ló sì bọ́ púpọ̀ nínú wa. Ìyá ọ̀kan nínú wa ń yan ẹja létí omi ní Bàrígà. Láàárọ̀, ìyá á ti ìka bọ omi, á tọ́ ọ wò. Bó bá ti níyọ̀ lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀rùn ti jẹ́ kí omi òkun wọlé nìyẹn. Ó ti mọ irú ẹja tí ọkọ̀ máa gbé dé. Tí òjò bá wá dé, tí odò Ògùn kún wọ ọ̀sà, iyọ̀ á tán, ẹja tó ń kó sáwọ̀n náà á yí padà.

Ohun tí ìyá ń fi ahọ́n wọ̀n yìí, ẹ̀yin ní ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Etí ọ̀sà gan-an ni ọgbà yín ní Àkọkà wà, ẹ sì ní ẹ̀ka ìmọ̀ nípa òkun. Àwọn olùkọ́ yín ti kọ̀wé tipẹ́ lórí ìyẹ̀ igi tí àwọn ṣọ́mìílù, ibi tí wọ́n ti ń la pákó, dà sómi ní Òkóbàbá: bó ṣe ń rì sísàlẹ̀, tó ń jẹrà, tó ń gba èémí mọ́ ẹja àti akàn nímú. Ta ló ka ìwé náà sétí apẹja Mákòkó? Èyí ló ń dùn wá jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa wọn omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lójú kan náà, ní Òkóbàbá, Mákòkó, Bàrígà, títí dé ẹnu òkun, kí wọ́n sì máa kéde rẹ̀ lórí rédíò ní èdè Yorùbá àti Ègùn. Kí apẹja wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn, torí òun ló mọ ibi tí ẹja ń yé sí. Ẹ fi òṣùwọ̀n kan náà wọn omi tó ń ti ọgbà yín jáde.

Ìjọba Èkó, kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé àṣẹ ẹnikẹ́ni láti wa yanrìn lọ́sà, ẹ kọ́kọ́ gba àbọ̀ ìwọ̀n yìí. Ibi tí wọ́n ń gbẹ́ yẹn ni ọmọ ẹja ń dàgbà sí.

Lọ́dún 1957, Natural History Museum níbí sọ pé odò Thames ti kú, pé ẹja kò lè gbé inú rẹ̀ mọ́. Wọ́n tún ọ̀nà omi ìdọ̀tí ṣe, wọ́n ń ka ẹja inú rẹ̀. Lónìí, irú ẹja tó wà níbẹ̀ ju 100 lọ.

Àwa yóò ra ẹ̀rọ tí ń wọn iyọ̀ àti atẹ́gùn inú omi, a ó sì máa sanwó àtúnṣe rẹ̀ fún ọdún 3. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá wa lóhùn kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, kí ìwọ̀n àkọ́kọ́ lè bá iyọ̀ lọ́sà.

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá, London