Ẹ̀yà tuntun, kóòdù àtijọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ tó ń bá wa kọ kóòdù. Ọ̀dọ́ mẹ́jọ ni mò ń kọ́ ní Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, ní Bódìjà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn fẹ́ ṣe àkọsílẹ̀ ọjà ìyá rẹ̀ tó ń ta gàrí. Irinṣẹ́ náà kọ kóòdù tó dán fún un. Bó ṣe ní kó ṣiṣẹ́, àṣìṣe ló yọ: DataFrame (tábìlì dátà inú pandas, àkójọ kóòdù Python) kò mọ append (àṣẹ tó ń fi ìlà kún tábìlì) mọ́.

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, nígbà tí pandas 1.4 jáde, ni wọ́n ti ń kìlọ̀ pé append máa kúrò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, pandas 2.0 dé, wọ́n yọ ọ́, àṣẹ concat ló rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kóòdù àtijọ́ ṣì kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, òun sì ni irinṣẹ́ wọ̀nyí fi kọ́ṣẹ́.

Odidi ọ̀sán ni ọmọ yẹn fi jókòó tì í, iná ti lọ, bátìrì ń tán lọ, ó rò pé ẹ̀bi òun ni. Èyí ló dùn mí jù.

Kí irinṣẹ́ kọ́kọ́ ka requirements.txt, fáìlì tí a ń to àwọn àkójọ kóòdù tí iṣẹ́ ń lò sí, kó tó kọ ìlà kan. Tí kò bá rí i, kó béèrè ẹ̀yà tí a ń lò. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká máa kọ nọ́ńbà sí i: pandas==2.0.3, kì í ṣe pandas lásán.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan, Ìbàdàn