Lẹ́tà sí Àǹtí Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi

Àǹtí mi àgbà,

Mo kúnlẹ̀, mà. Aṣọ ẹbí ọgọ́rin ọdún yín ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ óò ṣe púpọ̀ sí i láyé. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé e lọ fún télọ̀, mo ní ìbéèrè kan.

Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà?

Fídáù ogójì ọjọ́ bàbá mi, ní pálọ̀ Òkè Pópó. Ẹ̀yin lẹ to fìlà àwọn àbúrò bàbá mi sórí ẹní, mẹ́ta, ẹ ní kí màmá mi mú èyí tó bá wù ú, kí ẹni tó ni ín lè ṣú u lópó. Ọ̀kan jẹ́ abetí-ajá tí òógùn ti jẹ etí rẹ̀ dúdú. Màmá mi wò wọ́n títí, ó wá ṣí fìlà kúrò lórí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ó gbé e máyà. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ̀rín "o káre, ìyàwó wa" ni, àbí ẹ̀rín "a jọ wà níbẹ̀"? Àwọn èèyàn ní kí opó àtọmọ má baà jìyà ni wọ́n ṣe dá ṣíṣú opó sílẹ̀. Ó dáa. Látọjọ́ tó kọ fìlà yín, ta ló tún bi wá bí a ṣe ń jẹun?

Wọ́n ní a kì í dá àṣà lẹ́jọ́, pé ohun tó tọ́ láyé àwọn baba wa tọ́ nígbà tiwọn. Mi ò gbà. Ní 1997, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí ṣì sọ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, opó wà lára ogún tí ọkọ fi sílẹ̀. Àṣà ni lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n ń dá a, ta ló bi opó léèrè?

Bàbá Rìsí, ọkọ mi, lọ láìṣe wíìlì, mà. Ilé Bàrígà ló dá wàhálà sílẹ̀. Èmi bí méjì, ìyálé mi bí mẹ́rin. Àwọn tiẹ̀ ní orí-ó-jorí la ó fi pín in, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, ayé ti yí. Mo ní rárá o, ìdí-igi ni, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan dọ́gba. (Kùránì tó fún opó ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀.) Mo tilẹ̀ fa ẹjọ́ Dawodu àti Danmole yọ, èyí tó ṣẹlẹ̀ l'Èkó níbí: olóògbé ní ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ìdí-igi kò bá ẹ̀tọ́ mu. Ilé ẹjọ́ tó jù ú lọ da ìdájọ́ rẹ̀ nù ní 1958, Privy Council, ilé ẹjọ́ Òyìnbó tó kẹ́yìn nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù, sì fọwọ́ sí ìdí-igi ní 1962. Òyìnbó ló wá dá àṣà wa láre, ẹ gbọ́ o!

Àbíkẹ́yìn ìyálé mi ló bi mí lórí fóònù pé, "Ìyá Rìsí, ìgbà wo lẹ wá di aláṣà?" Ọmọ tí mo fọwọ́ mi tọ́. Mo ní kó lọ bi ìyá rẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni bi òun náà léèrè nígbà tí wọ́n ń dá ìdí-igi? Ṣùgbọ́n àwọn tiwọn ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tèmi ṣì wà nílé ìwé, owó ilé ìwé ò sì mọ orí-ó-jorí.

Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé, aago mẹ́rin, ní Bàrígà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó tì mí. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn yín, ẹ rán ẹlòmíì, àmọ́ kì í ṣe Bùọ̀dá Múrí, mà. Ó máa ń tètè bínú.

Ọmọ yín,
Ìyá Rìsí