Ẹ̀sùn lórí pláànù ọkọ̀ tówìn tí ẹ tà fún mi

Ìbàdàn,
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹfà, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ tó ń ta pláànù àti ohun èlò mọ́dẹ́lì,
Èkó.

Ẹ̀yin ọ̀gá,

Mo kí yín, mo kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín. Èmi ni oníbàárà tó fi tiransífà san ₦52,000 fún yín ní ìparí oṣù Kẹrin, fún pláànù (àwòrán tí a fi ń kan mọ́dẹ́lì) Diamond T 969, ọkọ̀ tówìn ológun ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní ìwọ̀n 1:24 (ìyẹn ni pé mìlímítà 1 lórí mọ́dẹ́lì dúró fún mìlímítà 24 lára ọkọ̀ gidi), àti àpò ohun èlò tó bá a lọ: táyà 10, apá ìgbẹ́rù méjì, àti ike pẹlẹbẹ mẹ́fà tí a ó fi gé ṣáàsì àti ilé dẹ́rẹ́bà. Ẹrù náà pé nígbà tí mo tú u. Kò sí èyí tó fọ́, kò sí èyí tó sọnù. Àmọ́ pláànù yín kò bá táyà yín mu, táyà yín kò bá apá ìgbẹ́rù yín mu, mo sì ti fi pláànù náà gé ike mẹ́rin dànù kí n tó mọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí yín lórí WhatsApp. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo fi mẹ́jọ ránṣẹ́. Nígbà kejì, kò sẹ́ni tó fèsì. Ìgbà kẹta ni ọmọ tó wà nídìí fóònù yín kọ ọ́ sí mi pé, "Bàbá, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú, ohun ìṣeré ṣáà ni." N kò bínú sí ọmọ náà, ó ṣeé ṣe kó má tíì dúró níbi tí ọkọ̀ tówìn ti ń ṣiṣẹ́ rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà á síṣẹ́ ni mò ń bá wí.

Ọdún 31 ni mo fi ṣe mẹkáníìkì ọkọ̀ ńlá fún àwọn tó ń ṣe títì. Ọkọ̀ tówìn wọn wà lábẹ́ mi fún ọdún 12, ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni a sì ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa. Ẹni tó mọ ọ̀nà yẹn mọ iye táńkà àti tírélà tó ń sùn sí kòtò ibẹ̀. Bí táńkà bá ṣubú, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á máa wò bóyá ẹ́ńjìnì tówìn lágbára. Ẹ́ńjìnì kọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn. Ibi tí ìdí apá ìgbẹ́rù jókòó sí lórí ṣáàsì, àti bí ìkọ́ rẹ̀ ṣe jìnnà sí ásù ẹ̀yìn (irin tó so táyà ẹ̀yìn pọ̀) tó, ibẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wà. Bí ìkọ́ bá yọ sẹ́yìn jù, ẹrù á tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, imú rẹ̀ á gbókè, dẹ́rẹ́bà á wá máa yí sítíárìn lásán. Mo ti rí i kí táyà iwájú méjèèjì fi títì sílẹ̀, tí dẹ́rẹ́bà wa sì ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan àtijọ́ ti di ọ̀gá ní abúlé mẹkáníìkì báyìí. Ó ní kí n máa wá kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé. A ò lè dojú táńkà dé torí kí wọ́n lè kọ́ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kan mọ́dẹ́lì tí apá rẹ̀ ń yí, tí ìkọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, tí mo lè fi òwú so mọ́ tírélà onípákó, kí àwọn ọmọ náà fojú ara wọn rí ìgbà tí imú ọkọ̀ máa gbókè. Bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá péye, irọ́ ni mo máa fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ lè ní kí ló dé tí n kò fi ọkọ̀ tí èmi fúnra mi lò ṣe é. Apá kan ṣoṣo ni tiwa ní. Diamond T 969 ní méjì, ohun tí mo sì fẹ́ kí wọ́n rí nìyẹn. Chicago ni ilé-iṣẹ́ Diamond T wà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún àwọn ọmọ ogun, ẹ̀rọ ìgbẹ́rù Holmes W-45 ni wọ́n sì gbé lé e lẹ́yìn. Apá kọ̀ọ̀kan lè gbé tọ́ọ̀nù márùn-ún. Ẹ lè da méjèèjì kọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ gan-an ni pé ẹ lè yí apá ọ̀tún sí ọ̀tún láti fa ọkọ̀ tó wà ní kòtò, kí ẹ yí ti òsì sí òsì, kí ẹ so okùn wáyà rẹ̀ mọ́ ìdí igi, kí tówìn fúnra rẹ̀ má bàa dojú dé lé ohun tó wá gbé. Ernest Holmes tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ̀rọ náà, mẹkáníìkì bíi tèmi ni, ní Chattanooga, ìpínlẹ̀ Tennessee. Mọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló kó sí odò, okùn àti ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fi fà á jáde tìpá-tìkúùkù. Láti ìgbà náà ló ti ń ronú, ní 1916 ó kan ọkọ̀ tówìn rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ mi tó ń gbé Chicago ti lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ọkọ̀ tówìn tó wà ní Chattanooga. Fọ́tò tó yà níbẹ̀ wà lára ògiri mi, òun náà ló sì kó àwọn ìwọ̀n tí mo fẹ́ sọ yìí ránṣẹ́.

Gígùn ọkọ̀ náà láti bọ́ńpà dé ìdí jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 292, ìyẹn mítà 7.42. Láti ásù iwájú dé àárín ásù ẹ̀yìn méjèèjì jẹ́ íǹṣì 151, ìyẹn mítà 3.84. Táyà rẹ̀ jẹ́ 9.00-20, gíga rẹ̀ kò jìnnà sí mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà méjì. Ẹ pín wọn sí 24. Gígùn ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 309 lórí pláànù, ásù sí ásù 160, táyà 42. Mo gbé rúlà lé pláànù yín: 290, 150, 40. Táyà tí ẹ kó sínú àpò, ní tirẹ̀, 42 géérégé ni.

Mo jókòó ti bébà náà títí ilẹ̀ fi ṣú kí n tó rí ìdí rẹ̀. Bébà A4 ni ẹ tẹ̀ ẹ́ sí. Gígùn A4 kò ju mìlímítà 297 lọ. Ọkọ̀ tó gùn tó 309 kò lè wọ inú rẹ̀ láéláé, kódà kí á má fi àyè sílẹ̀ létí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ló fún un pọ̀ kó lè gbà á, ẹnikẹ́ni nínú yín kò sì wọ̀n ọ́n kó tó jáde. Ohun tó dé ọwọ́ mi kì í ṣe 1:24, kì í ṣe 1:25, ó ń lọ sí 1:25.6. Síbẹ̀, ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ 1:24 sí orí rẹ̀. Mìlímítà 10 tó dín láàárín ásù yẹn, tí ẹ bá dá a padà sójú títì, sẹ̀ǹtímítà 24 ni. Ní ẹ̀yìn ọkọ̀ tówìn, ìyẹn lè pa èèyàn.

Ti apá ìgbẹ́rù tilẹ̀ burú ju èyí lọ. Mo gbé e lé àwòrán rẹ̀ lórí pláànù yín tó ti sún kì, ó tún kúrú sí i. Tí mo bá fi ìwọ̀n gidi wò ó, kò ju bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ohun tó yẹ kó jẹ́ lọ. Ìwọ̀n 1:35 nìyẹn, èyí tí àwọn tó ń kan mọ́dẹ́lì ọkọ̀ ogun sábà máa ń lò. Ẹnì kan ló ṣi àpótí mú nínú ilé ìkẹ́rùsí yín.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, n kò ní fi pamọ́. Ohun tí mo fi ń na ọmọ iṣẹ́ létí ni pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gé e. Mo rí 1:24 lórí bébà, mo gbà á gbọ́, mo mú abẹ. Mọ́gáàdì iwájú ni mo ti kọ́kọ́ fura, nígbà tí táyà kò wọ abẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, n kò ní béèrè owó iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ike mẹ́rin náà ni mo ń béèrè.

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Ẹ tún pláànù náà tẹ̀ sórí bébà A3, tàbí A4 méjì tó ṣeé so pọ̀, kí ẹ fa ìlà kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 gééré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó bá rà á lè gbé rúlà lé e kó tó mú abẹ. Ẹ fi apá ìgbẹ́rù méjì tó jẹ́ 1:24 ránṣẹ́ pẹ̀lú ike mẹ́rin. Owó dísípáàṣì, ẹ̀yin ni ẹ ó san án. Bí ẹ kò bá ní apá 1:24, ẹ sọ ọ́ kedere, kí ẹ dá ₦52,000 mi padà, èmi náà á dá táyà yín padà bó ṣe wà. Mo fún yín ní ọjọ́ 14 láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà ni mo máa gbé e lọ.

Rìsíìtì, fọ́tò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ àti pláànù náà fúnra rẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí. Ike tí mo gé dànù wà lọ́dọ̀ mi, bí ẹ bá fẹ́ rí i. Tí ẹ bá ń rán dísípáàṣì bọ̀, kó má wá lọ́sàn-án Sátidé, n kò ní sí nílé.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Ìbàdàn